Yíyan ẹ̀rọ ìgbìn alátẹ́gùn fún oko ọkà ní Èkìtì: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó náwó

Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo alágbàdo láti Ọ̀mùò títí dé Ìkẹ́rẹ́ ló máa ń wá òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó iṣẹ́ á lọ sókè, àwọn géńdé tó kù lábúlé ò sì tó nǹkan, torí ọ̀pọ̀ wọn ti gun ọ̀kadà lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń gbin ju hẹ́kítà márùn-ún lọ fi ń ronú ẹ̀rọ ìgbìn báyìí, tí àwọn tí ọwọ́ wọn sì tó owó díẹ̀ ń béèrè èyí tó ń fi atẹ́gùn ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ owó ńlá ni, ẹ̀rọ tó sì ń ṣe bẹbẹ lórí pápá tó tẹ́jú ní Kánádà lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní lórí ilẹ̀ olókùúta wa. Ilẹ̀ yín ni kó yan ẹ̀rọ fún yín. Ẹ má fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tà á. Bí a ṣe máa tò ó nìyí.

1. Ẹ mọ irú alátẹ́gùn tí ẹ ń wá

Oríṣi méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí, iṣẹ́ wọn ò sì jọra.

Nínú oríṣi kìíní, atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn rìn. Táńkì ńlá kan ni gbogbo irúgbìn wà. Rólà tó wà nísàlẹ̀ táńkì ń wọ̀n ọ́n jáde díẹ̀díẹ̀, fáànù tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún 3 sí ẹgbẹ̀rún 5 láàárín ìṣẹ́jú kan á wá fẹ́ ẹ gba inú páìpù dé orí kan tó pín sí ọ̀nà púpọ̀. Láti ibẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé tirẹ̀ lọ bá irin tó ń la ilẹ̀. Ní Ọsirélíà àti ní Saskatchewan ní Kánádà, lórí oko àlìkámà tí ojú ò ká, ni wọ́n ti ń lò ó jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwọ̀n kílò ni ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ lé, kì í ka ẹyọ. Fún àlìkámà àti ìrẹsì, kò sí wàhálà nínú ìyẹn, torí bí mẹ́ta bá bọ́ síbi kan tí àyè díẹ̀ ṣófo níwájú, àwọn tó hù á pa ẹ̀ka, wọ́n á sì dí i. Àgbàdo ò mọ ìyẹn ṣe. Àgbàdo méjì tó bá fún mọ́ ara wọn á du oúnjẹ àti oòrùn, ọmọ wọn á kéré, àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á sì ṣófo títí dọjọ́ ìkórè.

Nínú oríṣi kejì, atẹ́gùn ló ń di irúgbìn mú. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lu ihò yí etí rẹ̀ ká; fáànù ń fa atẹ́gùn láti ẹ̀yìn àwo náà, irúgbìn á wá lẹ̀ mọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi sítírọ́ọ̀ fa ẹyọ ẹ̀pà kan mú lẹ́nu. Irin kékeré kan wà lókè tó ń gbọn èyí tó bá lé dànù kó lè ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Nígbà tí àwo bá yí dé ìsàlẹ̀, níbi tí fífà atẹ́gùn ti parí, ẹyọ náà á já bọ́ sínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ló ń gbin àgbàdo, sóyà, ẹ̀wà àti ọkà bàbà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ní àlàfo tí ẹ bá fẹ́.

Yàtọ̀ sí méjèèjì, ẹ̀rọ tí kò lo atẹ́gùn rárá wà, tó jẹ́ àwo tó ń yí nísàlẹ̀ àpótí ló ń ṣa irúgbìn. Ó rọrùn tún ṣe, owó rẹ̀ sì kéré. Fún ẹni tí oko rẹ̀ ò ju hẹ́kítà méjì lọ, ẹ̀rọ àfọwọ́tì onílà kan tàbí èyí tí à ń fọwọ́ méjèèjì gún wọ ilẹ̀ ti tó o. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èrò tèmi rèé: fún ọ̀pọ̀ oko àgbàdo àti sóyà ní Èkìtì, oríṣi kejì ni kí ẹ máa wá, onílà méjì tàbí mẹ́rin. Oríṣi kìíní tọ́ sí ẹni tó ní ilẹ̀ ìrẹsì tàbí ti irúgbìn wẹ́wẹ́ tó gbòòrò gan-an, tí kò ní kùkùté, tí katakata ńlá sì wà nílẹ̀. Kódà fún ìrẹsì tí à ń gbin sórí ilẹ̀ gbígbẹ, irú èyí tó lókìkí ní agbègbè Ìgbẹ́mọ, ẹ̀rọ onílà tóóró tí irúgbìn ń fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́ á ṣe iṣẹ́ náà láìsí fáànù kankan.

2. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà já

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù lọ. Ẹ mú ọ̀pá irin kan tó mú lẹ́nu, kí ẹ fàmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ máa rin oko náà já láti ìkángun kan dé èkejì, kí ẹ máa gún ọ̀pá náà wọlẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ sì máa kọ ohun tó bá pàdé sílẹ̀: ó wọlé wẹ́rẹ́, ó kan yangí, ó kan òkúta, ó kan gbòǹgbò. Bí ẹ bá ti rìn ín ní ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, àwòrán ilẹ̀ yẹn á ti wà lórí ìwé yín kedere ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fẹnu sọ ọ́.

Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa káàkiri. Ẹni tó bá ti wo Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká mọ̀ pé ohun tó yọ sókè níbẹ̀ lè wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré sábẹ́ ilẹ̀ níbòmíràn. Ilẹ̀ apá àríwá, ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, ti ń sún mọ́ ọ̀dàn, igi rẹ̀ ò pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ sì máa ń rọ́nà lọ níbẹ̀. Apá gúúsù, ní Èmùré, ní Ìsẹ̀, ní Ìkẹ́rẹ́, igbó ni, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ọkà níbẹ̀ sì jẹ́ oko kòkó àtijọ́ tí wọ́n gé. Gbòǹgbò kòkó àti ti ìrókò ò ní jẹrà láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi katapílà tú ilẹ̀ yín, ẹ tú u, ẹ ṣa gbòǹgbò, ẹ fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kékeré gbìn ín fún ọdún kan tàbí méjì kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rọ alátẹ́gùn débẹ̀. Kùkùté tó fara sin kan lè wọ́ apá ìlà kan, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì ju owó tí ẹ bá fi ṣa gbòǹgbò lọ.

Bákan náà, ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ebè iṣu sí ní ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ padà tẹ́jú. Ìtúlẹ̀ kan àti hárò méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́ ògúlùtu kí ilẹ̀ lè tẹ́, ni ó sábà máa ń gbà. Ẹ̀rọ tó bá ń gun ebè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, á gbin irúgbìn kan sókè ilẹ̀ fún àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́, á sì ri òmíràn mọ́lẹ̀ débi tí kò ní lè yọjú.

Ẹ wo ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ náà. Ìlà gbọ́dọ̀ dábùú òkè, kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà omi, torí òjò oṣù kẹfà á fọ ilẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ oríṣi kìíní ní ìṣòro kan lórí òkè: bí orí tó ń pín irúgbìn bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá ìsàlẹ̀ lè máa gba púpọ̀ ju apá òkè lọ. Oríṣi kejì kò ní ìyẹn, torí ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń dá bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ wọn ibi tí katakata á ti yípo. Onílà mẹ́rin nílò mítà 8 sí 10 ní ìkángun méjèèjì. Oko tó rí kọ́lọ́kọ̀lọ, tó gùn ní ọgọ́rùn-ún mítà péré, á lo àkókò púpọ̀ lórí yíyípo. Onílà méjì dára jù níbẹ̀.

3. Ẹ ka ọjọ́ tí òjò á fún yín

Ní ọ̀dọ̀ wa, àgbàdo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń wọlẹ̀ láti ìparí oṣù kẹta dé oṣù kẹrin, ti ìkẹyìn ọdún ń wọlẹ̀ láti àárín oṣù kẹjọ dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí òjò bá ti sinmi díẹ̀. Àkókò kejì yìí kò gba ìfàsẹ́yìn rárá. Àgbàdo tó bá pẹ́ á wà ní ìrùkèrè nígbà tí òjò bá ń lọ. Ká ní nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ilẹ̀ máa rọ̀ tó, tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ táyà. Iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ parí nínú ọjọ́ mẹ́wàá yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ mú fífẹ̀ ẹ̀rọ ní mítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye kìlómítà tó ń rìn ní wákàtí kan, kí ẹ pín in sí 10. Èyí ni iye hẹ́kítà ní wákàtí kan. Kí ẹ wá yọ ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan kúrò fún yíyípo, dída irúgbìn sínú àpótí àti dídúró. Onílà mẹ́rin tí àlàfo ìlà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75 fẹ̀ ní mítà 3. Bó bá ń rin kìlómítà 6, ó jẹ́ 18, ẹ pín in sí 10, ó di 1.8, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó ku 1.2. Ní wákàtí mẹ́fà, hẹ́kítà 7. Onílà méjì fẹ̀ ní mítà 1.5, bó bá rin kìlómítà 5, á gbin hẹ́kítà 3 lójúmọ́.

Ẹ wá wò ó: ẹni tó ní hẹ́kítà 20 kò nílò ju onílà méjì lọ, á parí ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ onítáńkì tó fẹ̀ ní mítà 12, bó bá rin kìlómítà 8, á gbin ju hẹ́kítà 6 lọ ní wákàtí kan, á sì béèrè katakata tó ju agbára ẹṣin 200 lọ. Lórí hẹ́kítà 20, kò ní ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́rin lódidi àsìkò kan, á wá jókòó sínú òjò àti oòrùn fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ rà á, ìṣirò yìí ni kí ẹ fi hàn án.

4. Irúgbìn tí ẹ máa gbìn

Àgbàdo: sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín ìlà, 25 láàárín ẹyọ, ó lé ní 53,000 ní hẹ́kítà kan, irúgbìn bíi kílò 20 sí 25. Jíjìn rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Sóyà kò fẹ́ jìn tó bẹ́ẹ̀, àlàfo ẹyọ rẹ̀ sì kéré gan-an, bíi 5. Ìrẹsì ń fẹ́ ìlà tó tó 20 sí 25, kó má sì wọlẹ̀ ju 2 tàbí 3 lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ lè sún ìlà rẹ̀ mọ́ra tàbí kó sún un jìnnà dé ibi tí ẹ fẹ́.

Àwo irúgbìn ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa. Ihò àwo àgbàdo máa ń tó mílímítà 5, ti ọkà bàbà kò ju bíi 2 lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá fún yín ní ẹ̀rọ pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo, ẹ ti ra ẹ̀rọ irúgbìn kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ ní kó kó gbogbo àwo jáde, kí ẹ mú irúgbìn tí ẹ ń gbìn gan-an lọ, kí ẹ gbé e lé ihò náà: kò gbọ́dọ̀ kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ há sínú rẹ̀.

Irúgbìn tí ẹ ń yọ pamọ́ láti oko tóbi-tóbi, ó kéré-kéré. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ mú èyí tó dọ́gba. Ẹ dì 100 ẹyọ sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Bí 85 bá hù, ẹ mọ̀ pé láti ní 53,000 igi àgbàdo, ẹ gbọ́dọ̀ gbin bíi 62,000 ẹyọ. Sóyà ní pàtàkì, bó bá ti kọjá ọdún kan, ẹ má fọkàn tán an láìdán an wò. Èèpo rẹ̀ náà tètè ń là. Bó bá ń gba inú páìpù ẹ̀rọ onítáńkì tí fáànù rẹ̀ le jù kọjá, ọ̀pọ̀ á ti là kó tó débi ilẹ̀.

Ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin wa máa ń mú kí irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa lára lẹ̀ mọ́ra. Díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun graphite tàbí talc tí ẹ bá pò mọ́ ọn á jẹ́ kó máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú.

5. Katakata tó máa fà á

Ẹ̀rọ alátẹ́gùn onílà mẹ́rin nílò katakata tó tó agbára ẹṣin 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Massey Ferguson 375, tó pọ̀ káàkiri lọ́wọ́ àwọn tó ń fi katakata ṣiṣẹ́ gbà, jẹ́ 75, ó tó o. Àmọ́ agbára fífà nìkan kọ́ ni. Ẹ̀rọ náà wúwo, apá ẹ̀yìn katakata gbọ́dọ̀ lè gbé e pẹ̀lú irúgbìn àti ajílẹ̀ tó kún un. Bó bá gbé e sókè tán, tí táyà iwájú wá fúyẹ́, ẹ so irin ìwúwo mọ́ iwájú. Lórí òkè, katakata tí iwájú rẹ̀ fúyẹ́ lè takìtì sẹ́yìn, ẹ̀mí ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wá kù ni ti PTO, ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata tó sì ń yí fáànù. Èyí tó wà lára àwọn katakata wa ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan láti Yúróòpù, 1000 ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ ka eyín orí ọ̀pá náà: mẹ́fà ni ti 540, mọ́kànlélógún ló sábà máa ń jẹ́ ti 1000. Bó bá jẹ́ ti 1000, tí ẹ wá wá ọ̀nà ọgbọ́n so ó mọ́ 540, fáànù ò ní fa atẹ́gùn tó, irúgbìn á máa já bọ́ kó tó débi tó yẹ.

Ohun kan náà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dáa tí awakọ̀ ò sì mọ̀. Bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ìlà ò lè dábùú òkè tán, á fẹ́ dín iná kù. Ẹ máa gbọ́ ọ: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rọra, òkè ni." Bó bá dín ariwo ẹ́ńjìnnì kù, PTO ti dín kù nìyẹn, fáànù ti rẹ̀, àwo sì ti ń yí láìmú irúgbìn dání. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ẹ máa rí ìlà tó ṣófo ní ìsọ̀kalẹ̀ nìkan. Jíà kékeré ni kó fi sọ̀ kalẹ̀, kí ariwo ẹ́ńjìnnì wà níbi tó wà. Kí ẹ̀rọ tí ẹ máa rà ní géèjì tó ń fi agbára tí fáànù fi ń fa atẹ́gùn hàn, kí géèjì náà wà níbi tí awakọ̀ ti lè rí i láti ìjókòó rẹ̀.

6. Irin tó ń la ilẹ̀

Èyí tó dà bí ẹnu bàtà dára fún ilẹ̀ tí hárò ti tẹ́ dáadáa, àmọ́ ó máa ń kó gbòǹgbò àti pòròpórò jọ níwájú. Èyí tó jẹ́ eyín irin máa ń hú òkúta síta, á sì tẹ̀ bí kò bá ní sípíríńgì. Fún ilẹ̀ Èkìtì, mo fara mọ́ àwo irin méjì tó pàdé níwájú: ó ń yí gun orí òkúta àti gbòǹgbò, á sì padà sílẹ̀. Ohun tó ṣe kókó jù ni pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà lórí apá tirẹ̀ tó ní sípíríńgì, kí ọ̀kan lè gun òkúta láìgbé àwọn mẹ́ta yòókù kúrò nílẹ̀. Ẹ di ìlà kan mú, ẹ gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́. Bí gbogbo ẹ̀rọ bá bá a gbéra, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí àkùrọ̀ tí amọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀, ẹ rí i dájú pé irin tó ń ha amọ̀ kúrò lára àwo wà níbẹ̀.

Bí àpótí ajílẹ̀ bá wà, kí ajílẹ̀ já bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ irúgbìn àti 5 sísàlẹ̀ rẹ̀. Kó má bọ́ lé e lórí, á jó o. Àpótí oníke ló dára jù, torí ajílẹ̀ NPK máa ń fa omi, á sì jẹ irin.

7. Yíyẹ tòkunbọ̀ wò

Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ọwọ́ yí fáànù: bó bá ń mì tàbí tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bẹ́ríǹ ti lọ. Ẹ tẹ àwọn páìpù rọ́bà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìtẹ̀ náà. Oòrùn máa ń mú kí wọ́n sán, ihò tí ojú kò tètè rí sì ti tó láti mú kí ìlà kan máa fo ẹyọ. Ẹ ṣí àpótí irúgbìn, ẹ yọ àwo, ẹ gbé e lé orí gíláàsì tó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ yọ, ó ti tẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa rọ́bà tí àwo ń yí lórí rẹ̀. Kó má ní ibi tó ti jẹ.

Ṣéènì, eyín tí ṣéènì ń gùn, táyà tó ń tẹ ilẹ̀ dí lẹ́yìn, ẹ wò wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ kan tó ń tọ̀nà òkun wá jẹ́ ti oko bíìtì onísúgà, sẹ̀ǹtímítà 45 tàbí 50 ni àlàfo ìlà wọn. Ẹ sún un dé 75 níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó gbà pé ó ṣeé sún.

Èyí tó ní kọ̀ǹpútà àti mọ́tò iná mànàmáná lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tó péye. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí, lọ́jọ́ tí sẹ́ńsọ̀ kan bá kú ní oṣù kẹrin, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ṣéènì ni mo máa mú.

Ẹ béèrè ibi tí páàtì ti ń wá. NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dán ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wò, wà ní Ìdófìàn lẹ́bàá Ìlọrin, kò jìnnà sí apá àríwá Èkìtì. Ẹ lè lọ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó san owó ńlá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́ náà wà ní Ìkọ̀lé.

8. Ẹ dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ má gbà kí wọ́n ní "ó ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ wò ó lóko." Ibi tó wà gan-an ni ẹ ti lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi jáàkì gbé táyà tó ń yí ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Ẹ wọn òró rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, ó di 204, ìyẹn mítà 2.04 ní ìyípo kan. Ẹ da irúgbìn sínú àpótí, ẹ tan katakata, ẹ jẹ́ kí PTO dé 540, kí ẹ sì fi ike tàbí àpò há abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á fi ẹfun sàmì sí táyà, á sì yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìgbà 25. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ọ̀pá PTO, kó má wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀.

Ìyípo 25 jẹ́ mítà 51. Bí àlàfo ẹyọ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fún yín ní ẹyọ 204. Ẹ ka ti àpò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ìlà mẹ́ta bá fún yín ní 200, 206, 203, tí ẹ̀kẹrin wá fún yín ní 160, ìlà kẹrin ló ní àìsàn: rọ́bà, àwo tàbí irin tó ń gbọn ẹyọ dànù. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ sókè sí bíi 240, ẹyọ méjì-méjì ló ń jáde, ẹ yí irin yẹn díẹ̀ kí ẹ tún kà á. Ẹ wo àwọn tó jáde náà bóyá wọ́n ti fọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lóko, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti rin ìlà kan, ẹ wọn mítà 13.3 lórí rẹ̀. Ní àlàfo 75, gígùn yìí jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà kan. Ẹ fi ọ̀bẹ hú u pẹ̀lẹ́, ẹ ka ẹyọ. Ẹyọ 53 túmọ̀ sí 53,000. Ẹ wo jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú rúlà ọmọ iléèwé, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ ṣe é lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe é ní òkè àti ní ìsọ̀kalẹ̀. Táyà máa ń yọ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, nítorí náà iye oko lè dín sí ti àgbàlá díẹ̀.

9. Rírà tàbí yíyá

Ẹni tí oko rẹ̀ ò tó hẹ́kítà mẹ́wàá, kó yá a. Onílà mẹ́rin tó ń gbin hẹ́kítà 7 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá á gbin 70. Ìyẹn oko ènìyàn méje tó ní hẹ́kítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rà á pọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí òjò tó dé: ta ló kọ́kọ́ gbin, ta ló ń san ti páàtì tó bá bàjẹ́ nínú oko ẹnì kan, ta ni awakọ̀. Ẹ fa ètò náà láti ibi tí òjò ti ń kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, kí ẹ má fi ipò àgbà ṣe é, torí ilẹ̀ ò mọ ẹni tó jẹ́ olóyè. Ẹ yan awakọ̀ kan, kí ẹ kọ́ ọ, kí ẹ san owó rẹ̀ ní iye hẹ́kítà tó hù dáadáa.

Bí ìgbìn bá parí, ẹ da gbogbo irúgbìn àti ajílẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ fi omi fọ àpótí ajílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì pa ṣéènì. Ẹ yọ àwọn àwo irúgbìn, ẹ dì wọ́n sínú bébà, ẹ tò wọ́n pẹlẹbẹ, ẹ má gbé nǹkan lé wọn. Ẹ tú bẹ́líìtì fáànù kó dẹ̀, kí ẹ sì di ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan pa kí eku má bàa sọ ibẹ̀ di ilé. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ gbé e sí, lórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀.